Páànù

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀ṣà-Isu,
èmi lẹ́yìn, Ọlámíposí láàárín,
kóló onígi lórí itan rẹ̀.
Gbogbo gègele ọ̀nà Ìkọ̀lé, kóló náà ò dún.
Bébà ni gbogbo owó inú rẹ̀.
Owó ayé ìsinsìnyí kì í pariwo.

Báńkì tutù bí ìdí àmù.
Akọ̀wé bèèrè ìwé ìbí, ó bèèrè fọ́tò méjì,
ó bèèrè ìwé iná tí a ò rí tàn láti oṣù kejì,
ó ní, "Iṣẹ́ wo ni ọmọ ń ṣe?"
Ọlámíposí fèsì kí n tó yanu:
"Mo máa ń bá Yèyé kó ẹ̀bù lọ sóko."
Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ààbọ̀, ó lé ogún náírà.
Ogún náírà yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.
Yèyé ló fún un lọ́jọ́ tí eyín iwájú rẹ̀ yọ,
ó sì fi bírò ya ìràwọ̀ kékeré sí i létí
kó má baà sọnù láàárín èrò.
Akọ̀wé kà á, ó fi rọ́bà dì í mọ́ tàwọn ẹlòmíì,
ó tì í sínú àpótí onírin.
"Ṣé tèmi gan-an ni wọ́n máa fún mi tí mo bá dàgbà?"

Mo ní, ẹ̀bù tí ìwọ àti Yèyé rì mọ́bè lọ́dún tó kọjá,
ṣé òun náà la wà jáde?
"Rárá. Ó ti jẹrà."
Ó ronú díẹ̀.
"Àmọ́ ebè wa ni ebè yẹn."

Ẹnu mi wọhò.

Èmi náà ti ní ìwé owó rí,
aláwọ̀ ewé, ti pósọ́fíìsì,
Ìbíwùmí Adélùsì gàdàgbà lójú ìwé àkọ́kọ́.
Owó obì tí mo ṣà ni, owó ọdún,
owó tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Kàdúná.
Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé wa,
bàbá mi yọ ìwé náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ó wọ bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò wí nǹkan kan.
Nírọ̀lẹ́, páànù méjìlélógún dé lórí ọmọlanke.
N ò sunkún. Mo kàn ń kà wọ́n.
Bàbá ti lọ, páànù ti dípẹtà,
Yèyé ń sùn lábẹ́ rẹ̀, omi ò kán sí i lára,
kí ni kí n wí?
Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lóru,
èmi nìkan ni mo ń gbọ́ owó mi
tó ń ka ara rẹ̀, tó ń ṣì í kà, tó tún ń bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló lè gba owó yìí jáde?"
"Ẹ̀yin ni, mà. Títí ọmọ á fi pé ọdún méjìdínlógún."
Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi ò dúró sójú kan.

Nígbà tí a ń padà, ojú ọ̀run ti ṣú lápá Ọ̀yẹ́.
Ọlámíposí ń bi mí bóyá a lè kan kóló náà padà.
Láti ìta ni mo ti rí òrùlé wa:
páànù mẹ́ta ti ṣí létí, atẹ́gùn ń gbé wọn sókè.
Mo fọwọ́ lé ìwé báńkì nínú ìró mi,
mo dì í mú bí ẹni dì mọ́ ọmọ tó fẹ́ sá sójò.