Ìwé Orí Fíríìjì

Ẹ̀yìn ìwé owó iná ni mo kọ ọ́ sí,
mo fi mágínẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì:
ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn odò Lester ni mò ń tọ̀,
aago mẹ́jọ ni mo jáde,
bó bá di aago kan tí ẹ ò gbúròó mi
ẹ pe àwọn tí í wá ènìyàn nínú igbó.
Jákẹ́ẹ̀tì pupa ló wà lọ́rùn mi.
Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìyẹn, nítorí Marit aládùúgbò mi,
opó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin
tí kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo fi Yorùbá sí:
Mo ń bọ̀.

Kí ló dé tí mò ń dá lọ?
Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó ní Duluth níbí,
ọjọ́ ìsinmi mi kì í bá ti ẹnikẹ́ni mu.
Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ejò tó fọ̀rọ̀ sílẹ̀ nílé,
kì í ṣe òun nìkan ló ń rìn.

Omi lítà méjì. Fèrè lọ́rùn. Tọ́ọ̀ṣì,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọ́ ti mọ́ kedere.
Fóònù tí iná rẹ̀ kún, tí mo mọ̀ pé kò ní wúlò
lẹ́yìn òkè kejì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kú.
Ohun tí mo fi ń gbọ́ orin, mo fi sílé:
etí méjì ni Ọlọ́run fún mi,
mo nílò méjèèjì.

Wọ́n ní béárì wà níbẹ̀.
Dáfídì pa tirẹ̀. Èmi kì í ṣe Dáfídì.
Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti yí, màá pàtẹ́wọ́,
màá ki oríkì ìyá bàbá mi sókè
kí ẹni tó ń jẹ èso lábẹ́ igi lè mọ̀ pé àlejò dé,
kí a má bàa bá ara wa lójijì.
Títí dòní, kò tíì sí béárì tó dúró gbọ́ ọ parí.

Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi ń sàmì sára igi,
ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Mò ń kà wọ́n.
Mo ti ka méjìlélógójì nígbà tí mo rí olú.
Olú! Ó fẹ fìlà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ igi eléèpo funfun
bí olú ọ̀gán tí à ń sáré tu lẹ́yìn òjò ní Ìgbájọ.
N ò ní jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé olú ibí kì í ṣe ẹbí tiwa.
Mo kàn fẹ́ wò ó.
Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Òmíràn tún wà níwájú. Ogún.
Nígbà tí mo máa gbójú sókè
kùrukùru ti gòkè wá láti orí adágún ńlá,
gbogbo igi ti di ojú kan náà.

Ẹsẹ̀ ní ká sáré. Mo sáré díẹ̀, mo ṣubú,
àpáta họ mí lórúnkún.
Mo wá jókòó.
Ìyẹn ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀, jíjókòó.
Mo mu omi. Mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, mo dákẹ́, mo tún fọn.
Ẹyẹ kan dáhùn bí ẹni ń gàn mí.
Mo tú ìborùn mi, mo so ó mọ́ ẹ̀ka,
mo rìn títí ìborùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, mo padà,
mo kọjú síbòmíràn, mo rìn, mo padà,
bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.
Lẹ́ẹ̀karùn-ún,
búlúù.
N ò hó. Mo fọwọ́ kan igi náà bí ẹni ń kí àgbà,
mo sì kà á: mẹ́tàlélógójì.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo délé.
Marit wà lẹ́nu ọ̀nà, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, fóònù létí,
ìwé mi lọ́wọ́ kejì. Ó ti ń ṣàlàyé jákẹ́ẹ̀tì fún wọn.
Kò bú mi. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu mọ́,
ó na ìlà tó kẹ́yìn sí mi, ó gbìyànjú láti kà á:
"Mo ń bó."
Mo wo orúnkún mi. Awọ ti ṣí, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ.
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Marit.
Bí o ṣe kà á gan-an ló rí.