Àdín Ìyíọlá

Ìyíọlá gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ́ pákó gbọọrọ ní Màsífà,
ìgò mẹ́wàá ní ìparí,
ó wá da àdín sí i bí ẹni tó ń bínú:
ó pọ̀ lósì, ó fọ́nká láàárín,
ibì kan gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.

Mo yí bọ́ọ̀lù. Ó yọ̀, ó já sí kòtò.
Mo tún yí i. Kòtò.
“Ẹ nù ún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”
Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ni kí o nù.”

Oṣù mẹ́ta. Àtàǹpàkò mi bó.
Mo kọ́ bí a ṣe ń bẹ ilẹ̀ tí kì í gbẹ̀bẹ̀.

Lánàá, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Tákìé,
ilẹ̀ ń dán, kò lárékérekè.
Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wó lẹ́ẹ̀kan.
Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Èmi ń fojú wá àdín kiri.