Ohun Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Mo kọ ọ́ pé aago mẹ́wàá ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀.
Irọ́ ni. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.
Mo kọ ọ́ pé iná wà nínú gbọ̀ngàn.
Jẹnẹrétọ̀ ni, ó ń kùn lẹ́yìn ògiri bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó,
títí epo fi tán nínú rẹ̀,
tí fáànù rọra dúró, tí gbogbo wa gbójú sókè wò ó
bí ẹni ń wo òkú tí kò tíì tutù.

Ọ̀gá tó ti Ìbàdàn wá tẹ́ àwòrán sórí tábìlì:
igba ilé lọ́nà Ìlọrin, páànù pupa, ìlà tó gún,
igi máńgòrò kan ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí.
Wọ́n pè é ní ilé mẹ̀kúnnù.
Mo fi fóònù ṣírò àsansílẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì:
owó oṣù mi fún ọdún mẹ́ta, bí mi ò bá jẹun.
A pàtẹ́wọ́. Ìyẹn wà nínú ìwé.

Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni Ìyá Ọ̀yáwoyè,
opó ọkùnrin tó mọ ìdajì ògiri Ìjẹ̀rù.
Kò dúró de ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní,
"Ẹ dákun, fèrèsé yìí, ibo ló kọjú sí?"
Ọ̀gá yí ìwé sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
ó ní àwọn ẹnjiníà á dáhùn.
"Ẹnjiníà kọ́ ni yóò sùn níbẹ̀.
Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọlé tọ̀ wọ́n.
Páànù á gbà á, sìmẹ́ǹtì á tọ́jú rẹ̀ di òru,
wọn á ra fáànù, fáànù á máa retí iná,
iná ò ní dé, wọn á lọ ra epo.
Ẹ kọ́lé olówó pọ́ọ́kú,
ẹ wá fi ooru gba owó náà padà."

Mo gbé bírò sókè, mi ò kọ ọ́.
Ilé bàbá bàbá mi ni mo ń rò,
ogiri amọ̀ tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin.
Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, a ó fi ẹ̀yìn tì í bí ẹni fara ti àmù.
Nígbà tí owó dé, a wó o. A fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn,
a pa màlúù, a pe pásítọ̀.
Láti ọjọ́ náà, ìta la ń sùn.

Jọláadé oníṣẹ́ iná dìde láti Sábó:
"Ilé mẹ́tàlá ni wá, owó kajú la fi dá sólà jọ.
Ọ̀sán gangan, iná ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa,
opó tó wà lójúlé kejì ń fi àbẹ́là ránṣọ.
A fẹ́ na wáyà sí i, wọ́n ní ká gbàwé àṣẹ,
oṣù kẹsàn-án rèé.
Ta ló ń gbàwé àṣẹ kó tó bu omi fún aládùúgbò?
Bí ẹ bá fẹ́ tún òfin ṣe, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Tíṣà kan nawọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn.
Ó nà án títí ọwọ́ fi rọ̀.
Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Kọ ọ́ pé ará ìlú dúpẹ́," ni ọ̀gá mi wí.
Mo kọ ọ́.
Ṣùgbọ́n kí n tó ká àwòrán padà sínú páálí,
mo fa ọfà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
mo kọ ọ́ sí i lábẹ́: oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ yí i.
Pẹ́ńsù ni. Rọ́bà lè pa á rẹ́.
Àmọ́ mo tẹ̀ ẹ́ gan-an.