Jó Tàbí Jò

Ẹgbẹ̀jọ náírà ni funfun,
ẹgbẹ̀rìnlá ni dúdú,
ẹgbàajì géérégé ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n hun wáyà rẹ̀ bí irun ọmọdé.
Sàgírù tò wọ́n sórí gíláàsì ní Fáàmù Sẹ́ńtà,
ó fi etí ẹ̀wù nu eruku Kánò kúrò lára wọn,
ó ní, "Wàláhì, Télọ̀, èyíkéyìí tó o bá mú, wàá padà wá dúpẹ́."
Ó fẹ́ tẹ orin sí i fún mi.
Mo ní rárá.
Orin a máa gbè lẹ́yìn ọlọ́jà:
bésì á dún gbì, oníbàárà á mi orí, owó á bọ́.

Ohùn ìyá mi ni mo mú wá,
ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógójì, láti Ìkìrun, ní ìdájí.
Fóònù mi ò lè sọ̀rọ̀ síta mọ́ láti ìgbà tó ti bọ́ sínú ike sítáàṣì,
íápíìsì àtijọ́ sì ti dití lápá kan.
Láàárín ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń kọ iṣẹ́ sára bàbáńrìgá
àti jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri,
gbólóhùn kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ mi:
ilé ń jó ni, àbí ilé ń jò?
Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kò lọ.
Ní Kánò, òjò ò tíì mọ ọ̀nà wa,
òógùn nìkan ló ń kán.
Ta ló máa kọ́kọ́ ro omi?

Mo ki funfun bọ etí.
Ó le bí èkùrọ́. Etí ike rẹ̀ ń gé etí tèmi,
òógùn sì mú un yọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá mi tó kí mi tán.
Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹ̀fọn inú agolo,
gbogbo ọ̀rọ̀ gun òkè, kò sí èyí tó sọ̀kalẹ̀.
Ilé ń jó, ni funfun wí.
Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Sàgírù gbé dúdú fún mi, ó ní kí n fara balẹ̀.
Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ bí mọ́ínmọ́ín.
Ó wọlé, ó jókòó, ó tilẹ̀kùn;
ariwo ọjà dákẹ́ rọ́rọ́.
Ó ṣe mí bíi kí n sùn síbẹ̀.
Àmọ́ bésì! Ìyá mi di akọ màlúù nínú kànga,
gbogbo ọ̀rọ̀ wọlẹ̀, kò sí èyí tó gbórí sókè.
Ilé ń jò, ni dúdú wí.
Ó wù mí kí n gbà á gbọ́.
Ṣùgbọ́n ó pe orúkọ mi, Àkànní,
ó ri "ní" mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sin òkú.
Ẹlẹ́rìí tó bá ti purọ́ lórí orúkọ ẹni,
kí ló kù tí a ó bi í?

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò rọ̀ tó dúdú.
Etí ọ̀tún gbà á, ti òsì kọ̀ ọ́ díẹ̀;
òsì mi kéré, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.
Ó dún jẹ́ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kò dáa.
Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan:
ohun tó ga, ó ga,
ohun tó relẹ̀, ó relẹ̀.
"Àkànní, ilé ń jò o.
Òjò àkọ́rọ̀ ti dé. Mo ti gbé abọ́ sí i.
Má wulẹ̀ fowó ránṣẹ́, Fásọlá máa gun òrùlé lọ́la."
Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ohun tí àwọn méjì yẹn ti gbé mì:
tó,
tó,
tó,
omi nínú abọ́ tánganran,
àti ẹ̀rín kékeré kan kó tó pa fóònù.

Mo jókòó sórí àpótí Sàgírù.
Ó bi mí pé ṣé kò dáa ni, òun lè yọ igba náírà.
Mi ò lè dá a lóhùn.
Mo san ẹgbàajì pé.
Nínú adàìdàítà tó ń lọ sí Sábọ̀n Gàrí mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ti òsì ń yọ̀, mò ń tì í padà.
Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, màá fi òwú díẹ̀ wé rọ́bà náà,
òwú funfun, èyí tí mo fi ń kọ ọrùn ẹ̀wù.