Ọ̀kẹ́ Méjìlá

Ọ̀kẹ́ méjìlá náírà ni wọ́n fọwọ́ sí fún mi.
Kì í ṣe owó tí a fi ń kọ́lé, kò tó táyà mọ́tò mẹ́rin.
Fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́fà ni mo kọ kó tó jáde,
òru ni mo sì kọ ọ́, lábẹ́ iná fóònù,
torí iná ti lọ láti Samaru títí dé Kwangila.
"Kí lo fẹ́ fi rà?" ni ìbéèrè kẹrin wí.
Mo kọ: amọ̀.
Mo pa á rẹ́.
Mo tún un kọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Balarabe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Dókítà Ọ̀ṣínúbi, amọ̀ kẹ̀?
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń béèrè kọ̀ǹpútà."
Mi ò dá a lóhùn.
Igba akẹ́kọ̀ọ́ ó lé mọ́kàndínlógún ló ń jókòó níwájú mi,
àwòrán ọkàn ènìyàn kan ṣoṣo la ní lára ògiri,
ikán sì ti jẹ apá òsì rẹ̀ tán,
bẹ́ẹ̀, apá òsì yẹn gan-an ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé orí, dé àtẹ́lẹsẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ wọn ní ọkàn tí kò pé.
Wọ́n há a sórí, wọ́n bì í sórí ìwé ìdánwò,
wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ.

Ìyá Talatu ló ń mọ ìkòkò lẹ́bàá odò Kubanni.
Mo fi Hausa mi tó ń tiro kí i.
Ó gba amọ̀ tí mo gbé lọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù:
iyanrìn ti pọ̀ jù níbẹ̀.
Ó bu tirẹ̀ fún wa, ọmọlanke mẹ́rin,
òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀lé e wá,
ó ní ọmọ ìwé ò lè mọ bí a ṣe ń po amọ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo wa ti là.
Rukayya, ẹni tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ rí,
tó máa ń fara pa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó fọ́,
òun ló gbé ọkàn tútù sókè lọ́wọ́ méjèèjì:
"Mà, kí ló dé tí apá òsì fi nípọn ju apá ọ̀tún lọ?"
Ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.
Mo la ẹnu.
Ìyá Talatu ti béèrè ohun tí ọmọ náà wí,
ó ti fi èékánná gbá ẹ̀gbẹ́ amọ̀ náà pẹ́pẹ́:
"Àmù omi àti igbá kùnú, ṣé bákan náà là ń mọ wọ́n ni?
Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, òun là ń mọ nípọn."
Mo pa ẹnu dé.
Èdè ìyá mi ti wí i tipẹ́, mi ò fetí sí i:
ẹni tó mọ ọ́n ló mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku Ishaku, akáúńtàǹtì.
"Rìsíìtì amọ̀ dà?"
Ìyá Talatu ti àtàǹpàkò bọ abọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.
Ishaku gbé e wo lójú oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó mí kanlẹ̀, ó fi há fáìlì.
Mo gbọ́ pé ó ti gbẹ báyìí,
pé ó ń bó, ó ń ta sára ìwé àwọn ẹlòmíràn.

Owó ò tó fi sun wọ́n níná.
Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkàn wa ti sán lórí wíńdò.
Wọ́n fi ìlà méjì sílẹ̀ fún mi nínú ìwé ìjábọ̀:
"Kí ni àbájáde rẹ̀?"
Mo kọ: ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè.
Ìlà kejì ṣófo.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.