Igi Inú Ọ̀rá Dúdú

Ẹ má tíì bèèrè igi tó rẹwà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá.
Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí oòrùn ń dúró sí fún mi
ní agogo méjì ọ̀sán, nínú ọgbà yín ní Ògùdù.
Ṣé ara ògiri yàrá ni, àbí orí táǹkì omi?
Ṣé ẹ ti gbé àga síta rí,
kí ẹ jókòó, kí ẹ wò ó?
Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀.
Gbogbo yín lẹ máa ń gbé àwòrán inú fóònù wá bá mi.

Èyí tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, igi eégún ni wọ́n ń pè é.
Àwọn olótẹ́ẹ̀lì ló ń rà á, méjìlá méjìlá.
Ó wọ agọ̀ látorí délẹ̀, kò jó, kò súre,
òjìji rẹ̀ ò ju ti òpó iná lọ.
Tó bá jẹ́ pé kí aládùúgbò má máa yọjú wo yàrá yín ni,
ẹ gbé e.
Tó bá jẹ́ ibòòji lẹ ń wá, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Panseké ńkọ́? Háà.
Tó bá tanná, ojú ọ̀run ilé yín á pọ́n
bí ètè ẹni tó jẹ obì mọ́jú,
ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Alàgbà Ọnàfúwà ní Fádéyí ra méjì lọ́wọ́ mi
lọ́dún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi;
ọmọ náà ò tíì jáde ìwé mẹ́fà
tí ògiri fi lanu,
tó ń bá àwọn tó ń kọjá lọ sọ̀rọ̀.

Àgbálùmọ̀ dáa, àmọ́ ẹ ó ra sùúrù mọ́ ọn.
Sùúrù ọ̀hún ni mi ò kó wá.

Kí lẹ wí? Igi tí kì í wọ́wé?
Ọ̀gá, ẹ lọ ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe,
kí ẹ máa fi aṣọ nù ún láràárọ̀ Sátidé.
Ohun tó bá ń mí ló ń já nǹkan sílẹ̀.
Irun orí yín ńkọ́?
Ẹ má bínú. Ẹ̀rín ni mo ń bá yín rín.

Dóńgóyárò ni kí ẹ mú.
Kì í bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀, ibòòji rẹ̀ tutù,
ẹ ó fi ewé rẹ̀ wẹ̀ nígbà ibà.
Ẹ ṣáà gbìn ín jìnnà sí sọkawéè.

Ìyàwó yín ń nawọ́ láti inú mọ́tò.
Èwo ló ní? Èyí tí mo jókòó sábẹ́ rẹ̀?

Furúùtù nìyẹn. Kì í ṣe títà.
Inú ọ̀rá dúdú lòun náà wà tẹ́lẹ̀ bíi tàwọn yòókù
lọ́dún tí wọ́n sé gbogbo wa mọ́lé,
tí mi ò lè ti Bárígà wá bomi rin nǹkan kan.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún.
Orí ẹní ni mo ti sunkún ọjà mi tán.
Ìgbà tí mo fi padà dé, gbogbo wọn ti di igi ìdáná,
àfòun.
Mo fẹ́ gbé e, kò gbé.
Ó ti fi gbòǹgbò lu ọ̀rá, ó ti wọ ilẹ̀ ìjọba,
ó ti bá omi gọ́tà ṣe àdéhùn
tí wọn ò pè mí sí.

Yàrá kan ni mò ń gbé, àwa mẹ́rin.
Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá, ọkọ́ ò ríbi wọ̀.
Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń tagi,
mi ò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ìnuwọ́.
Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára lẹ́ẹ̀mejì,
mo fi ẹrẹ̀ pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kówó dóńgóyárò wá.
Àmọ́ ẹ ní kí ìyàwó yín sọ̀ kalẹ̀ ná,
oòrùn ọ̀hún mú.
Àga kan ṣì ṣófo níbí.