Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Funfun

Bọ́ bàtà òtútù rẹ sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ìyá mi,
gbọn òjò dídì kúrò lára rẹ̀.
Ọ̀gá Bae kì í pariwo, àmọ́ ó kórìíra omi lórí ẹní yìí
bí ìyá mi ṣe kórìíra kí n fọwọ́ òsì gba nǹkan.
Ilẹ̀ á tutù. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ á rán ọ létí
pé Wínípẹ̀gì nìyí, pé oṣù kejì la wà.
Má dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ yìí délé,
ìyàwó mi dúró nídìí sítóòfù, ó wò mí tìtì:
"Gbọ́láhàn, ìgbà wo lo di ọmọ Sẹ̀lẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi jóná.

Gé èékánná rẹ. Èbà tí o bá jẹ láago márùn-ún
á jẹ́rìí takò ọ́ láago mẹ́fà.

Ìgbànú ni yóò kọ́kọ́ dójú tì ọ́.
Ó dà bí ọ̀já, àmọ́ kò sọ́mọ lẹ́yìn rẹ;
o máa yí i po, o máa so ó ní kókó,
bí o bá gbésẹ̀ sókè báyìí, ó ti tú.
Ọmọdébìnrin kan á wá bá ọ so ó:
Jhoanna, ọmọ Fílípíìnì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
wáyà ń dán lára eyín rẹ̀, ìgbànú dúdú ń bẹ nídìí rẹ̀.
Òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ níbí.

Mo mọ̀ pé ó máa ta ọ́ lára.
Èmi tí wọ́n bí ní Ìpetumodù,
tí àbúrò ìyá mi gbá létí torí mo jókòó kí i,
èmi náà ni mo tẹrí ba
fún ẹni tí àbígbẹ̀yìn mi fi ọdún mẹ́rin jù lọ.
Lọ́jọ́ kìíní, ọrùn mi le bí òpó.
Lọ́jọ́ kẹta ni mo tó gbójú wò ó:
òun náà ń tẹrí ba fún mi,
tirẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ.

Wọ́n á máa kà á: hánà, dúù, sẹ́ẹ̀t.
Bí o bá gbàgbé, ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú;
ẹsẹ̀ ò gbédè, iye ló mọ̀.
Àmọ́ igbe yẹn, má gbé e mì.
Àwa tá a ti ń rọra sọ̀rọ̀ nílùú yìí,
ní báńkì, níwájú ọ̀gá tó ní ká tún un sọ,
ọ̀fun wa ti dín.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni igbe mi fi dà bí ẹ̀bẹ̀.
Lọ́jọ́ kan tí mo tibi iṣẹ́ òru wá, oorun lójú mi,
nǹkan kan bú jáde, n ò mọ ẹni tó ké e.
Ọ̀gá Bae mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Mo gbé e relé bí owó oṣù.

Ní ti pákó, n ò ní parọ́ fún ọ.
Mo ta á nípàá lẹ́ẹ̀mẹta
níwájú àwọn òbí tó gbé fóònù sókè. Kò mì.
Oṣù mẹ́ta sí i nínú funfun.
Wọ́n ní ká má wo pákó, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó yé orí mi. Ẹsẹ̀ ṣì ń rò ó.
Nígbà tó fọ́, ariwo rẹ̀ kéré sí bí mo ṣe rò.

Èyí tí n ò sọ fẹ́nìkan:
nítorí ọkùnrin kan tó tì mí ní ibùdókọ̀ Pọ́tééjì ni mo ṣe wá.
Mo fẹ́ dá a padà.
Mo tún rí i ní Ọ̀pẹ tó kọjá.
Mo dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì fìdí múlẹ̀,
ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Bóyá kò tilẹ̀ rántí.

Wọ́n ti ń tò. Ẹ̀yìn pátápátá ni tìrẹ, tèmi ló ṣáájú rẹ.
Wo ìgbànú rẹ.
Ó ti tún tú.